Ìjókòó keje nínú bọ́ọ̀sì "kò dúró lọ́nà", Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn

Oṣù kẹjọ rèé tí mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ yìí láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìbàdàn, n kò sì torí ẹ̀ gbé fóònù kọ nǹkan kan rí, bí wọ́n tilẹ̀ ti múnú bí mi lọ́pọ̀ ìgbà. Ìjókòó kan ló sún mi dé ibi kí n kọ eléyìí. Mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ náà, torí èmi pẹ̀lú wọn ti ní ohun tó dà wá pọ̀ báyìí. Ẹ ó kà á tó bá yá.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa rán awọ ìjókòó mọ́tò. Ìbàdàn ni mo ti ń ra lẹ́dà àti fóòmù, Ọjọ́bọ̀-Ọjọ́bọ̀ sì ni mo ń lọ. Mọ́tò etí títì ní Tákìé ń gba ₦3,500. Àwọn wọ̀nyí ń gba ₦4,500. Ẹgbẹ̀rún kan náírà tó wà láàárín ni owó "kò dúró lọ́nà", wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára tíkẹ́ẹ̀tì: 6:30 àárọ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìwó Road, láìyà síbì kankan.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí mò ń wí yìí, aago méje ku ogún ìṣẹ́jú, a ṣì wà ní páàkì. Ọmọbìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, èèyàn méjì ló kù." Ẹni méjì ọ̀hún dé. Ó tún ní ó ku ẹnì kan. Mo bi í pé, "Àbúrò mi, ṣé àwọn tó ń wọlé níhìn-ín ń gba abẹ́ mọ́tò jáde ni?" Ó rẹ́rìn-ín títí, ó lọ mú píọ̀ wọ́tà tútù kan wá fún mi, kò sì gbowó. Mo mọ̀ pé ó fi panu mi mọ́ ni, mo sì mu ún. Ìgbà tí a gbéra, ó ti di 7:25.

Fèrèsé ẹ̀gbẹ́ mi kì í ṣí. Wọ́n ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ káàkiri bí ẹni di ẹrù. Ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì náà sì ní ẹnì kan ṣoṣo tó ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, ìyẹn kọ̀ńdọ̀: yóò gbé e sókè díẹ̀, yóò fi orúnkún tì í, yóò wá gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Èrò kan fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ilẹ̀kùn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀.

Ẹni tó bá ń rin ọ̀nà wa mọ bó ṣe rí. Láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, ọ̀nà oníbejì ni, ẹni ń lọ kò pàdé ẹni ń bọ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin náà, bẹ́ẹ̀ ni. Àárín ibẹ̀, nǹkan bíi kìlómítà 52 láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ni tiwa, iṣẹ́ sísọ ọ́ di oníbejì ti di ohun tí a fi ń dàgbà. Lójú ọ̀nà àtijọ́ tó tín-ín-rín yẹn, tí tírélà méjì bá ti wà níwájú ẹni, kò sí ohun tí dírẹ́bà lè ṣe ju kó máa rá tẹ̀lé wọn lọ. Ibi tí a sì ti ń rá ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ń rá lábẹ́ oòrùn kì í rí afẹ́fẹ́ tó, rédíétọ̀ tó ti gbó kì í sì lè gbà á là.

A kù díẹ̀ ká dé Odò Ọbà nígbà tí ìyá kan tó jókòó níwájú pariwo pé ìdí òun ń jó. Abẹ́ ìdí àwọn ará iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà nínú irú bọ́ọ̀sì yìí, nítorí náà ìyá ò purọ́. Kí á tó wí, kí á tó fọ̀, èéfín funfun ti gba gbogbo inú mọ́tò. Họ́ọ̀sì rédíétọ̀ ti bẹ́.

Gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀. Ọmọkùnrin kan, ó jọ akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, ti gbé jálá omi, ó fẹ́ dà á sí i lójú ẹsẹ̀. Baba dírẹ́bà dá a dúró. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bí o bá da omi tútù sí i báyìí, orí ẹ́ńjìnnì á là, a ó sì sùn síbí. Jẹ́ kó kọ́kọ́ mí." Wọn ò gbé ohùn sókè, wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi ogójì ìṣẹ́jú dúró, wọ́n gé ibi tó bẹ́ kúrò lára họ́ọ̀sì, wọ́n fà á gùn, wọ́n tún un dì, wọ́n wá fi aṣọ nípọn ṣí ìdérí rédíétọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ti rí dírẹ́bà tó kéré sí wọn lọ́jọ́ orí tó fi ìkánjú ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Èyí tí Baba ṣe lọ́jọ́ náà, n kò ní í gbàgbé ẹ̀.

Oòrùn ń pa wá, mo bá padà wọlé lọ mú fìlà mi. Ó ti bọ́ sábẹ́ ìjókòó. Mo kúnlẹ̀, mo na ọwọ́, ìka mi kan nǹkan kan lábẹ́ awọ náà, lápá ọ̀tún, níbi tí ojú ò dé. Mo tan iná fóònù. Òwú náílọ́ọ̀nù aláwọ̀ ewé, ìlà mẹ́ta, kúkurú, kúkurú, gígùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Èkó ni mo ti kọ́ṣẹ́, nítòsí Ọjọ́ta. Ọ̀gá mi, ọmọ Ọ̀yọ́ tó kọ gọ̀ǹbọ́, máa ń sọ pé ìjókòó tí a bá rán gbọ́dọ̀ kọlà kó má baà sọnù lọ́jà. Ọmọṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Kúkurú, kúkurú, gígùn: tèmi nìyẹn. Ọdún 2015 ni wọ́n gbé bọ́ọ̀sì kan wá fún wa, tí kò ní ìjókòó kankan nínú, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe ń dé láti òkè òkun. Tòkunbọ̀ ni nígbà yẹn pàápàá. Ó ti lo ayé kan níbòmíì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Èmi ni mo rán ìjókòó ìlà kejì àti ti ìkẹta láti iwájú. Èmi tí mo jókòó lé e láàárọ̀ yẹn, tí mò ń kẹ́gàn rẹ̀ lọ́kàn pé ta ni ọ̀lẹ tó rán irú èyí!

Mo jáde, mo lọ bá Baba níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́. Mo ní, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Èkó ni mọ́tò yìí ń ná tẹ́lẹ̀?"

Wọ́n wò mí. "Ta ló sọ fún ọ? Èkó sí Ìbàdàn ló kọ́kọ́ ná. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé e lọ sí ọ̀nà Ifẹ̀. Ó di ọdún kejì báyìí tó dé ọ̀dọ̀ tiwa. Aṣọ ẹ̀gbọ́n ni, ọmọ tó kéré jù ló ń wọ̀ ọ́ gbó."

Ibẹ̀ ni inú ti bí mi gan-an. Mọ́tò àgbà kò dùn mí. Mọ́tò àgbà ló ń fún mi ní oúnjẹ jẹ. Ibi tí wọ́n fi í sí ló dùn mí. Mẹkáníìkì wọn wà ní Ìbàdàn. Bí bọ́ọ̀sì bá kú ní Fìdítì, láàárín Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn, ẹni tó máa tún un ṣe lè débẹ̀ kí èrò tó jẹ ọsàn méjì tán. Bó bá kú lójú ọ̀nà tiwa, ó di kí Baba gé họ́ọ̀sì. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí a padà gbéra tí a dé Òwódé ní Ọ̀yọ́, kí ni mo rí? Bọ́ọ̀sì tuntun wọn, tó ní éésì, tí ilẹ̀kùn ẹ̀ ń fi ọ̀wọ̀ tì, ó ń kó èrò Ọ̀yọ́ lọ sí Ìbàdàn lójú ọ̀nà tó tẹ́jú bí àwo!

Ẹ ti ṣàkíyèsí pé mo ní a dé Òwódé. Bọ́ọ̀sì tí kì í dúró lọ́nà dúró ní Òwódé, ó dúró ní Fìdítì, ó tún dúró ní Mọ́níyà. Níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kọ̀ńdọ̀ ti ń pe èrò, pákó kékeré kan wà lọ́wọ́ ẹ̀ tó ń gbé sáàárín ìjókòó fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Ìwó Road. Oníbàárà mìíràn ti ra lẹ́dà dúdú tí mo ní kí wọ́n bá mi fi pamọ́.

Ní ọ́fíìsì wọn níbẹ̀, wọ́n ní kí n lọ fẹjọ́ sùn ní Ògbómọ̀ṣọ́, torí ibẹ̀ ni mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mi ò bá wọn jiyàn.

Ọjọ́ kejì, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, mo ti wà níbẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá wà ní mítíìnì." Mo ní mo máa dúró. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí di aago mọ́kànlá. Ẹnikẹ́ni ò wọlé, ẹnikẹ́ni ò jáde, mo wá ń rò ó pé ta lọ̀gá ń bá ṣèpàdé. Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ló dìde níkẹyìn tó lọ kan ilẹ̀kùn, mo gbọ́ tó ń sọ pé, "Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wọn lóhùn, wọn ò ṣe wàhálà rárá."

Ìyá náà, ẹgbẹ́ ìyá mi, ń jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. "Ọmọ mi, wá jẹun." Mo ní mo ti yó. Ebi ń pa mí bí nǹkan míì. Mo rojọ́ láti 6:30 dé aago méjìlá, mo sì fi àwòrán ìlà mẹ́ta hàn wọ́n lórí fóònù. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n ṣí ìwé kan, wọ́n yí i kọjú sí mi. Bọ́ọ̀sì méje ló wà nínú ìwé. Méjì ti kú, ara wọn ni wọ́n ti ń yọ nǹkan fún àwọn tó kù. Wọ́n ní kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà kan ò tó ₦200, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti kọjá ₦500. Dọ́là tí kò tó ₦500 ní báńkì nígbà náà, kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. "Owó bọ́ọ̀sì mẹ́ta la kó jọ. Ẹyọ kan ló rà."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹyọ kan náà fi wá lọ sí Ọ̀yọ́.

"Èrò Ọ̀yọ́ ń ṣàyàn. Bí kò bá ní éésì, wọ́n á bọ́ sínú òmíràn. Ẹ̀yin tibí ní sùúrù."

Mo ní, "Ìyá, ṣé sùúrù wa lẹ wá ń gbowó ìtanràn lé lórí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá dákẹ́, wọ́n fún mi ní bírò. Ẹ̀yìn tíkẹ́ẹ̀tì mi ni mo yà á sí. Kí àgbà bọ́ọ̀sì máa ná Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, kìlómítà bíi àádọ́ta, nítòsí mẹkáníìkì. Kí tuntun jáde ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 6:30, kó padà ní aago mẹ́ta. Kí a má kó èrò Ọ̀yọ́ mọ́ tiwa, torí yíyà sí Òwódé nìkan ń jẹ tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọ́n ní ṣé bọ́ọ̀sì àárọ̀ máa kún. Mo ní kí wọ́n wo àwọn tó ń gbé aláìsàn lọ sí UCH, tí nọ́ńbà wọn ń jó bí wọn ò bá tètè dé. Kí wọ́n wo àwọn ọmọ LAUTECH ní Ọjọ́ Ẹtì. Wọn ò ṣèlérí kankan. Wọ́n fa dúrọ́ọ̀, wọ́n ka ₦1,000 fún mi ní ẹyọ igba-igba márùn-ún. "Mo gbé ọ dé Ìbàdàn, n kò lè dá ₦3,500 yẹn padà. Ṣùgbọ́n mọ́tò dúró lọ́nà, èyí ni owó kò-dúró-lọ́nà rẹ." Mi ò rí ẹni tó ṣe ìṣirò bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Mo tọrọ ẹ̀kọ kan.

Kí n tó jáde, wọ́n bi mí iye tí màá gbà láti tún ìjókòó bọ́ọ̀sì mẹ́rin ṣe. Mo gba iṣẹ́ náà. Kí ẹ fi ìyẹn wọn ọ̀rọ̀ mi.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, bọ́ọ̀sì tuntun ló dúró ní páàkì. A gbéra ní 6:34. Baba ló wà á, pẹ̀lú ẹ̀wù tí wọ́n lọ̀. A rá tẹ̀lé tírélà díẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò tilẹ̀ wúkọ́. A kọjá Òwódé, àwọn èèyàn na ọwọ́ sí wa, a ò dúró. Ojú tì mí díẹ̀, mo juwọ́ sí wọn. Ìyá ọlọ́mọ kan tó ń lọ sí UCH sùn láti Ọ̀yọ́ títí dé Mọ́níyà, ọmọ náà sùn, èmi náà sùn. Ìwó Road, 8:25. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ ohun tí màá fi wákàtí tó kù ṣe, ọlọ́jà mi ò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti fi tuntun náà gbé àwọn tó ń lọ síbi ìyàwó. Àgbà ló padà wá, ó gbéra ní 7:05. Kò kú lọ́nà o. Ìjókòó keje ti wọ awọ tuntun, mo sì fi ìlà mẹ́ta mìíràn sábẹ́ ẹ̀.

Mo fún wọn ní 4 nínú 5. Mo mọ̀ pé ohun tí mo kọ sókè yìí kò jọ 4. Méjì jẹ́ ti Baba dírẹ́bà, ọ̀kan ti ẹgbẹ̀rún náírà Ìyá, ọ̀kan ti ọmọbìnrin tó kan ilẹ̀kùn. Bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ò gba nǹkan kan. Fèrèsé ẹ̀gbẹ́ ìjókòó keje ò tíì ṣí títí dòní.