Mauser C96 tí mo rà: ìbọn dára, ẹnu ẹni tó tà á ni kò dára

Dọ́là 1,900 ni mo kà lé tábìlì ọ̀gbẹ́ni yẹn, nínú ọjà ìbọn kan nítòsí Houston. Bàbá òyìnbó ni, ewú ti gba orí rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó ní: "1898 ni wọ́n ṣe é, gbogbo nọ́ńbà ara rẹ̀ ló bára mu, kò sẹ́ni tó tún un ṣe rí." Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kan ṣoṣo ló jóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ìbọn náà ná. Yíyìn tó ń dún gbàù ni mi ò tíì yìn ín, n óò sọ ìdí rẹ̀. Oberndorf ní Jámánì ni wọ́n ti rọ ọ́. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta tó ń jẹ́ Feederle, tí wọ́n ń bá ilé iṣẹ́ Mauser ṣiṣẹ́, ló ronú kàn án, 1896 sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́ fún títà. Àwọn Amẹ́ríkà ń pè é ní Broomhandle torí ibi tí a ti ń dì í mú jọ igi ìgbálẹ̀ tiwọn. Lójú tèmi, ọmọ odó ni, èyí kékeré tí wọ́n fi ń gún ata. Ọta rẹ̀ kì í gba inú ìdí wọlé bíi ti ìbọn ìléwọ́ òde òní. Iwájú ibi tí ìka ti ń fà á ni àpótí ọta wà, òkè la ti ń ti ọta mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Iṣẹ́ irin ni mo fi ń jẹun, nítorí náà mo tú u palẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Súkúrù kan péré ló wà lára rẹ̀, èyí tó di pákó ìdí rẹ̀ mú. Ìyókù, irin ló di irin mú: èyí wọnú ìyẹn, ìyẹn yí díẹ̀, ó há gádígádí. Ìyàwó mi bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá n óò jẹun, mi ò gbọ́.

Ibẹ̀ náà ni àṣírí ti tú. Nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá parí sí 47. Mo rí 47 lára òòlù ẹ̀yìn, mo rí i lára àwọn irin wẹ́wẹ́ míì. Irin tó ń sá síwá sá sẹ́yìn láti gbé ọta wọlé, 12 ló wà lára tiẹ̀. Ara ìbọn mìíràn ni wọ́n ti yọ ọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni pé wọ́n ti tún un rẹ láró. Nílé iṣẹ́, dúdú tó ní aró díẹ̀ nínú ni ara rẹ̀, ṣùgbọ́n irin kékeré tí ìka ń fà, wọ́n máa ń yan án lórí iná títí yóò fi yọ aró bí ẹ̀lú tuntun. Tèmi dúdú kan náà látòkè délẹ̀ bí ìdí ìkòkò. Ẹni tó bá sì fẹ́ tún irin rẹ láró yóò kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ dán an, dídán yẹn ló ń jẹ ẹ́. Mo fi tọ́ọ̀ṣì tàn án láti ẹ̀gbẹ́: etí irin tó yẹ kó mú ti yọ̀ bí ọṣẹ tí wọ́n ti fi wẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, ìdajì lẹ́tà R nínú Mauser ti lọ. Inú àgbá rí bí ojú tí ilẹ̀gbóná bá jà, torí ohun tí ń tanná ran ẹ̀tù láyé ọjọ́un máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀, ẹni tí kò bá sì nù ún, ó di ìpẹtà.

1898 yẹn jóòótọ́ ṣá. Òòlù ẹ̀yìn rẹ̀ ní òrùka onípele, àmì àwọn àkọ́kọ́ ni. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti 1968 kò ka ìbọn tí wọ́n ṣe títí dé ìparí 1898 sí ìbọn, ohun àtijọ́ ló pè é, ìyẹn sì ń gbówó lé e. Ìpínlẹ̀ míì ní òfin tirẹ̀, ẹ bèèrè. Kí ẹnikẹ́ni má sì dán an wò láti gbé irú rẹ̀ dé Ìkẹjà o.

Ọmọkùnrin orí tábìlì kejì fẹ́ ta ọta Tokarev, ìbọn àwọn ará Rọ́ṣíà, fún mi, ó ní òun àti ọta Mauser ọ̀kan náà ni. Irọ́. Yóò wọlé wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ju ohun tí irin tó ti lé lọ́gọ́fà ọdún yìí lè gbé. Bí irin tó ń dá èyí tó ń sá síwá sá sẹ́yìn yẹn dúró bá sì ṣẹ́, ojú ayìnbọn ló ń bọ̀. Ìdí tí mi ò ṣe yìn ín nìyẹn.

Mo padà lọ bá bàbá náà lóṣù tó tẹ̀lé e. Ó ní ohun tí wọ́n bá rà lórí tábìlì òun, kò sí dídá padà. Ṣakabùlà bàbá mi ní Ìsẹ́yìn kò ní nọ́ńbà kankan lára, alágbẹ̀dẹ ẹ̀yìnkùlé wa ló rọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó parọ́ nípa rẹ̀ fún un.

Dọ́là 1,100 ló yẹ kí n san. Browning 1900 kan, ìbọn ìléwọ́ mìíràn, wà lórí tábìlì bàbá náà lọ́jọ́ tí mo padà lọ, ó ní kò sẹ́ni tó tún un ṣe rí. Mo yọ tọ́ọ̀ṣì mi. Ó gba ìbọn náà lọ́wọ́ mi, ó fi aṣọ bò ó.