Kó-kó-kó abẹ́ Camry mi: ẹni tó bá mi wá a rí ní Ìjẹ̀bú-Òde

Camry 2004 ni ọkọ̀ mi, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Big Daddy. Ó ti lo ọdún 11 lọ́wọ́ mi. Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé, Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti ń ṣiṣẹ́, torí náà ojoojúmọ́ ni mò ń gba Òrù kọjá. Kò sí irú kòtò tí táyà mi ò tíì bá pàdé.

Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a ṣe Iléyá nígbà tí ariwo náà bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ariwo ńlá. Tí mo bá ń rọra lọ níbi tí ọ̀dà ti bó, màá gbọ́ kó-kó-kó níwájú, bí ìgbà tí ọmọdé ń fi ṣíbí lu ìdérí ìkòkò. Tí mo bá bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ tí mo sì ń sáré, mi ò ní gbọ́ ọ mọ́. Tí mo bá já sí kòtò gidi, gbàgà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, bíi ti gbogbo ọkọ̀. Àwọn gbágungbàgun kéékèèké yẹn nìkan ló ń mú un sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba tí mo kó ẹbí sínú ọkọ̀, ìyàwó àbúrò mi tó ti Èkó wá bi mí bóyá onílù ni mo gbé pa mọ́ sí bútù. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Mẹkáníìkì tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ (mi ò ní dárúkọ rẹ̀, a ṣì jọ ń kí ara wa) kò tiẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀. Ó mi táyà iwájú lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Mọ́mì, stabilizer linkage ni." A pààrọ̀ méjèèjì, ₦22,000. Ariwo wà níbẹ̀. Ó ní á jẹ́ pé ball joint ni. ₦30,000. Ariwo wà níbẹ̀. Ó wá ní ṣọ́ọ̀kù iwájú méjèèjì ti kú, ó rán ọmọ iṣẹ́ lọ sí Ládípò kó lọ ra Belgium, àlòkù tó ti òkè òkun wá. Tòun ti owó iṣẹ́, ₦110,000 ló gbà á. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ọkọ̀ náà rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mi ò tíì jáde ní àdúgbò wa tí mo fi gbọ́ kó-kó-kó. Nígbà tí mo pè é, ó ní kí n máa yí rédíò sókè. Kò fi ṣàwàdà o.

Ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa ló júwe Àlájì fún mi, mẹkáníìkì kan nítòsí Gáréèjì Ẹ̀pẹ́. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí èèyàn ń yà fọ́tò: páànù díẹ̀, igi máńgòrò kan, àti bẹ́ńṣì tó ti tẹ̀ láàárín. Kó tó dìde rárá ló ti sọ owó: "Ìyá, ₦10,000 ni mò ń gbà láti wá ohun tó ń ṣe é. Tí mo bá rí i, tí ẹ ò bá fẹ́ kí n tún un ṣe, ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ. Tí mi ò bá rí i, ẹ gba owó yín." Ìjẹ̀bú ni mí. Kí n sanwó nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì tú nọ́ọ̀tì kan, ó ṣòro fún mi. Àfi ìgbà tí mo rántí ₦162,000 tó ti lọ ni mo tó tọwọ́ bọ báàgì.

Ìbéèrè ló fi bẹ̀rẹ̀. Ṣé òwúrọ̀ ló ń dún ni àbí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná? Tí mo bá ṣẹ́ sítíárìn dópin ńkọ́? Ó ní tó bá ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ nígbà tí mo bá ń yí kọ́nà, ojú drive shaft lòun ì bá kọ́kọ́ wò. Tó bá sì ń kùn bí oyin, tó ń le sí i bí mo ṣe ń sáré sí i, á jẹ́ bíárìn táyà. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí léyìí tí ẹnikẹ́ni ò bi mí rí: "Ta ló fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí kẹ́yìn kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ló sì ṣe sí i?" Mo ronú títí. Pádì bíréèkì iwájú ni a pààrọ̀ ní bí oṣù kan ṣáájú. Ó ní "Hẹn-ẹ́n," kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ní kí èmi wakọ̀. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó pa rédíò, ó pa éésì, ó sọ gíláàsì kalẹ̀, ó darí mi sí àdúgbò kan tí ilẹ̀ rẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ. Kó-kó-kó. Ó ní kí n yí padà, kí n tún un gbà. "Ẹ fẹsẹ̀ ba bíréèkì díẹ̀, bíi pé ẹyin ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ dúró o." Mo fẹsẹ̀ bà á. Kẹ́kẹ́ pa. "Ẹ gbẹ́sẹ̀." Kó-kó-kó. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó dákẹ́. Mo gbẹ́sẹ̀, ó dún. Èmi fúnra mi ń ṣe é bí ọmọ tó rí nǹkan ìṣeré tuntun, àfi ìgbà tó ní ó tó, kí a máa lọ.

Nígbà tó fi jáàkì gbé e tó sì tú táyà òsì, ó fi ìka kan ṣoṣo mi pádì níbi tó jókòó sí. Ariwo mi gẹ́lẹ́ ni mo gbọ́. Ó yẹ kí àwọn irin pẹlẹbẹ kéékèèké wà tó ń di etí pádì mú kó má baà máa mì. Kò sí ẹyọ kan níbẹ̀. Ẹni tó pààrọ̀ pádì ti kó wọn dànù mọ́ pàǹtí. Tí èèyàn bá tẹ bíréèkì, kálípà á fún pádì mọ́ díìsì, kò ní ráyè mì. Tó bá gbẹ́sẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ ijó. Kò tán síbẹ̀. Gíríìsì tí wọ́n ń fi sí bíárìn ni wọ́n fi pa irin tí kálípà ń yọ̀ lórí rẹ̀, rọ́bà ibẹ̀ sì ti wú, irin náà ti le. Ó kó pádì méjèèjì lé mi lọ́wọ́: ti òde ṣì nípọn bí ọjọ́ tí a rà á, ti inú ti jẹ dé ìdajì. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù ju ariwo lọ, torí bíréèkì ni a ń sọ yìí.

Àwọn irin kéékèèké yẹn, ₦7,000, rọ́bà, ₦4,000, gíríìsì tí wọ́n dìídì ṣe fún bíréèkì, ₦5,000, iṣẹ́ ọwọ́ lápá méjèèjì, ₦12,000. Pẹ̀lú ₦10,000 àkọ́kọ́, ₦38,000 ni gbogbo rẹ̀.

Àlájì náà ní tiẹ̀ o. Ó ní aago méjì ni màá gbé ọkọ̀ lọ, wọ́n ti kírun Àsárì tán kí ọmọ tó lọ ra rọ́bà tó dé. Kò sí rìsíìtì. Àfi ìgbà tí mo mú bébà jáde tí mo ní kó bá mi kọ ọ́. Aṣọ iṣẹ́ tó fi jókòó sínú ọkọ̀ mi, kò tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ rẹ̀, àmì gíríìsì ṣì wà lórí síìtì títí di òní. Kì í sì í fọwọ́ kan ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ iná ọkọ̀, kí ẹ má wulẹ̀ gbé e lọ bá a. Ẹ̀dùn mi tó tóbi jù ni fóònù: kì í gbé e.

Ó ti pé oṣù méjì báyìí, iwájú ọkọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló jẹ́ kí n wá máa gbọ́ èyí tó ń dún fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo ti ká bébà sínú ihò kan níbẹ̀, mo ti fọwọ́ tẹ gbogbo rẹ̀. Láàárọ̀ yìí mo pe Àlájì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò gbé e.