Ìfiwéra Àwọn Irinṣẹ́ Tí A Fi Ń Wọn Ìfaradà Òmùwẹ̀: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Kọ́kọ́ Rà?

Olùkọ́ tí ó ń darí ẹgbẹ́ òmùwẹ̀ tí ń díje, tí ó sì fẹ́ mọ bí èémí àti ọkàn àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe lágbára tó, yóò bá irinṣẹ́ mẹ́rin pàdé lọ́jà: ẹ̀rọ tí ń wọn èémí, ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn lactate inú ẹ̀jẹ̀ (ohun tí ara máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i bí eré bá ṣe ń le sí i), ohun tí ń ka ìlùkìkì ọkàn, àti stopwatch lásán. Owó wọn jìnnà síra gan-an. Ṣùgbọ́n kí olùrà tó wo iye owó, ohun tí omi yóò ṣe sí irinṣẹ́ náà ni kí ó bèèrè, àti iye tí yóò máa ná lé e lórí lẹ́yìn tí ó bá ti rà á tán.

Ẹ̀rọ èémí nìkan ni ó ń wọn VO2max ní tààrà, ìyẹn ọ́síjìn tí ó pọ̀ jù tí ara lè lò ní ìṣẹ́jú kan, tí a sábà máa ń ṣírò ní mílílítà fún kìlógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ COSMED ní Ítálì ń ta K5, èyí tí ó ṣeé gbé kiri, pẹ̀lú túùbù AquaTrainer tí òmùwẹ̀ ń gbà mí. Kò sí èyí tí èsì rẹ̀ tó tirẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí túùbù wà lẹ́nu rẹ̀ kò lè tàkìtì bí ó bá dé ògiri. Ó ní láti fọwọ́ kan ògiri kí ó tó yípo, nítorí náà ìwẹ̀ rẹ̀ kò rí bí ti ọjọ́ ìdíje. Ní tèmi, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ó ní òṣìṣẹ́ tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ ni ó yẹ, kì í ṣe ẹgbẹ́ àdúgbò.

Ẹ̀rọ lactate ni ó gba àròjinlẹ̀ jù. Lactate Pro 2 tí Arkray ṣe ní Japan ń lo ẹ̀jẹ̀ màíkírólítà 0.3, ó sì ń mú èsì wá ní ìṣẹ́jú àáyá 15; Lactate Plus ti Nova Biomedical ní Amẹ́ríkà ń lo 0.7, ó sì ń gba ìṣẹ́jú àáyá 13. Ìyàtọ̀ yìí kéré. Owó gan-an wà nínú strip, pélébé kékeré tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a ó sì sọ nù. Nínú ìdánwò tí àwọn ará Ọsirélíà sọ di olókìkí, òmùwẹ̀ yóò wẹ mítà 200 nígbà méje, yóò máa yára sí i, a ó sì gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní etí tàbí ìka rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òmùwẹ̀ mẹ́wàá yóò jẹ strip 70 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, láìka èyí tí ó bá bàjẹ́. Bí ẹ kò bá nu etí tàbí ìka náà gbẹ dáadáa, omi àti òógùn yóò ba èsì jẹ́. Ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ méjì tí ó yàtọ̀ tọ́ òmùwẹ̀ kan náà láàárín sáà kan, nítorí pé òǹkà wọn kì í sábà dọ́gba. Abẹ́rẹ́ tuntun fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ní àríyànjiyàn.

Ní ti ìlùkìkì ọkàn, bẹ́líìtì àyà Polar H10 péye, ṣùgbọ́n Bluetooth kì í la omi kọjá, bẹ́líìtì sì máa ń yọ̀ wálẹ̀ nígbà tí òmùwẹ̀ bá fi ẹsẹ̀ ti ògiri. Polar Verity Sense, tí a lè so mọ́ okùn awò ìwẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, kì í yọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sínú ara rẹ̀ títí òmùwẹ̀ yóò fi jáde nínú omi. Ọkàn sábà máa ń lù lọ́ra nínú omi ju orí ilẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ má ṣe mú òǹkà ti orí ilẹ̀ wọ inú omi.

Stopwatch ni èmi ì bá kọ́kọ́ rà. Kí òmùwẹ̀ wẹ mítà 400 tagbáratagbára, kí ó sinmi dáadáa, kí ó tó wẹ 200. Bí 400 bá gba ìṣẹ́jú àáyá 320, tí 200 sì gba 150, ẹ pín mítà 200 tí ó ṣẹ́kù sí ìṣẹ́jú àáyá 170 tí ó wà láàárín wọn: mítà 1.18 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 85 fún mítà 100. Eré tí ó lè gbà pẹ́ kí ó tó rẹ̀ ẹ́ nìyí, bí kò tilẹ̀ sọ iye ọ́síjìn tí ó lò. Ẹ tún ìdánwò náà ṣe nínú adágún tí gígùn rẹ̀ kò yí padà, nítorí pé yíyípo púpọ̀ nínú adágún mítà 25 máa ń jẹ́ kí eré yá ju ti mítà 50 lọ.