Fọ́tò àwọsánmà Stieglitz lórí sáìtì National Gallery of Art, ẹ lọ wò ó

Ẹni tó bá ń sọ pé fọ́tò tí kò lójú èèyàn nínú ò lè wọ èèyàn ní akínyẹmí ara, ẹ bá mi ní kó lọ sórí sáìtì National Gallery of Art, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà ti Washington ní Amẹ́ríkà, kó wá Alfred Stieglitz, ayafọ́tò ará Amẹ́ríkà, kó sì wo àwọn fọ́tò àwọsánmà tó pè ní Equivalent. Ọ̀fẹ́ ni o! Fọ́tò ẹ̀ tó lé ní 1,600 ló wà lọ́wọ́ wọn, ìyàwó ẹ̀ Georgia O'Keeffe ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn fún wọn ní 1949.

Àwọsánmà ni bàbá yìí ń yà. Ní Lake George, New York, ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1922, ọdún tí ìyá ẹ̀ kú gan-an. Ẹnì kan ti kọ ọ́ pé agbára tó ní lórí àwọn tó ń jókòó fún un ló ń mú kí fọ́tò ẹ̀ wọra, ló bá kọjú kámẹ́rà sí ohun tí gbogbo ayé ń rí lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọn ò tíì máa gba owó orí lé lórí, òun fúnra ẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan wà tó mú mi gan-an, ojú ọ̀run dúdú kirikiri, oòrùn kéré bíńtín láàárín ẹ̀, àwọsánmà wá ń fà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bí òwú tí wọ́n ń ran. Kò sí igi, kò sí òrùlé, ẹ ò lè mọ èwo lòkè èwo nìsàlẹ̀, ojú ò wá rí ibi tó máa dì mú, ọkàn yín láá máa bá yín sọ̀rọ̀. Omijé lé ròrò sí mi lójú. Ọ̀fọ̀ lèmi rí níbẹ̀, àbúrò mi ní ìsinmi lòun rí, a ṣì ń bára wa fà á.

Àwọn ti 1922 tí òkè àti ilé ṣì wà lábẹ́ wọn dáa o, ṣùgbọ́n wọn ò mú mi tó àwọn tó ti gé ilẹ̀ kúrò pátápátá.

Ẹ má fẹ̀ ẹ́ kún ojú kọ̀ǹpútà ṣá, àwọn Equivalent gidi ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, bí ínṣì 4 sí 5 ni, tó bá ti di ràgàjì báyìí adùn ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Fóònù ló dáa jù, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ kù, kẹ́ ẹ máa wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má kánjú rárá. Ìràwọ̀ 5 ni mo fún wọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn ti 1925 síwájú.