Fíìmù Olórin Hollywood àti ti Bollywood: Èwo Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Rà?

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ra fíìmù olórin àtijọ́ sábà máa ń béèrè pé èwo ló dùn jù, ti Hollywood ni àbí ti Bollywood. Ìbéèrè yẹn kò lójútùú. Èyí tó lójútùú ni pé: kí ló ń fà yín mọ́ra jù, ijó ni àbí orin? Nínú fíìmù olórin Amẹ́ríkà àtijọ́, ẹsẹ̀ oníjó ló ń sọ̀rọ̀ jù. Nínú ti Íńdíà, ohùn àti ọ̀rọ̀ orin ló ń gbé ìtàn. A ò sọ pé orin Hollywood kò dára, a ò sì sọ pé àwọn ará Íńdíà kò mọ ijó í jó. Ṣùgbọ́n àléébù tó lè ba ọ̀kan jẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó lè ba èkejì jẹ́, nítorí náà ohun tí ẹ máa yẹ̀ wò lẹ́yìn páálí àwo (DVD tàbí Blu-ray) kí ẹ tó sanwó yàtọ̀ pẹ̀lú.

Ẹsẹ̀ níbí, ohùn lọ́hùn-ún

Fred Astaire fi dandan lé e pé kí kámẹ́rà máa fi gbogbo ara òun hàn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí wọ́n má sì gé ijó òun sí wẹ́wẹ́. Ẹ wo Top Hat (1935) tí òun àti Ginger Rogers jọ ṣe, tí Irving Berlin kọ orin rẹ̀. Kámẹ́rà á tẹ̀ lé àwọn méjèèjì bí wọ́n ṣe ń yí káàkiri, kò ní kúrò lára wọn, ẹ ó sì rí i pé àwọn fúnra wọn ló ń jó o. Gene Kelly àti Stanley Donen kò kúrò lójú ọ̀nà yìí nígbà tí wọ́n jọ darí Singin' in the Rain (1952).

Ètò mìíràn ni ti Bombay, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe fíìmù Bollywood. Òṣèré ló ń la ẹnu, ẹlòmíràn ló ti kọ orin náà sílẹ̀ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀. Wọn kò fi í pamọ́ rárá: Lata Mangeshkar, Mohammed Rafi, Mukesh, Kishore Kumar, Asha Bhosle, gbogbo wọn ló lókìkí bí òṣèré ṣe lókìkí. Àwọn tó ń kọ́kọ́ wo fíìmù Íńdíà máa ń ka èyí sí ẹ̀tàn. Kí wọ́n fi ẹ̀sùn yẹn sílẹ̀ o, nítorí Hollywood náà ń ṣe é, bíbò ni wọ́n ń bò ó mọ́lẹ̀. Marni Nixon ló kọrin fún Deborah Kerr nínú The King and I (1956), òun ló kọ ọ́ fún Natalie Wood nínú West Side Story (1961), òun náà ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú orin Audrey Hepburn nínú My Fair Lady (1964). Nígbà tí àwọn fíìmù náà jáde, ẹ ò ní rí orúkọ rẹ̀ lára àwọn tí wọ́n dárúkọ. Àní Singin' in the Rain tó jẹ́ ìtàn òṣèré tí ẹlòmíràn ń yá lóhùn, Betty Noyes ló kọ díẹ̀ nínú orin tí Debbie Reynolds ń kọ níbẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí wúlò lọ́jà. Tí ẹ bá ń wá fíìmù Hollywood, orúkọ oníjó àti ti ilé-iṣẹ́ ni kí ẹ tẹ̀ lé. MGM ní àwọn ọdún tí Arthur Freed ń ṣe agbátẹrù fíìmù níbẹ̀ kì í sábà jáni kulẹ̀. Tí ó bá jẹ́ ti Íńdíà, ẹ tẹ̀ lé ohùn àti ẹni tó ṣe orin. Orin púpọ̀ láti inú àwọn fíìmù wọ̀nyí wà lórí YouTube. Ẹ tọ́ méjì mẹ́ta wò. Tí ohùn Rafi bá wọ̀ yín lára, fíìmù tí Rafi kọrin sí ni kí ẹ rà, ẹni yòówù tí ì báà jẹ́ òṣèré rẹ̀.

Méjì tí a máa kọ́kọ́ gbé síwájú yín

Singin' in the Rain àti Awaara (1951). Ọdún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu, ìkọ̀ọ̀kan sì ní ibì kan tí àlá tàbí ìran ńlá ti gba ojú àwòrán. Àwọn ibi wọ̀nyí ló máa ń fi hàn bóyá ènìyàn á fẹ́ràn irú fíìmù bẹ́ẹ̀ tàbí kò ní fẹ́ràn rẹ̀.

Singin' in the Rain gba ìṣẹ́jú 103, aláwọ̀ ni, ẹ̀rín sì kún inú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí ẹ mọ̀ ṣáájú ni pé ní nǹkan bí ọdún 1927 ni fíìmù Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, tí òṣèré tí ohùn rẹ̀ kò dára sì wọ wàhálà. Ní apá ìparí, ijó Broadway kan á gbà tó ìṣẹ́jú 13, kò sì ní fi nǹkan kan kún ìtàn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sú, tí wọ́n á tẹ bọ́tìnì láti fò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Níbẹ̀ ni Cyd Charisse ti jáde, kò sọ ọ̀rọ̀ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀.

Awaara jẹ́ dúdú-funfun, ó gùn tó nǹkan bí wákàtí mẹ́ta. Raj Kapoor ló darí rẹ̀, òun náà ni olórí òṣèré, bàbá tó bí i lọ́mọ gan-an, Prithviraj Kapoor, ló ṣe adájọ́ tó jẹ́ bàbá rẹ̀ nínú ìtàn. Adájọ́ yìí fura sí ìyàwó rẹ̀ tó lóyún, ó lé e jáde. Ọmọ náà dàgbà sí ìgboro, ó di olè. Ẹni tó bá ń wo fíìmù Yorùbá kò ní ṣì nà nínú irú ìtàn yìí. Nígbà tí àlá náà dé, tí ọ̀run rere àti ọ̀run àpáàdì ń fa ọ̀dọ́mọkùnrin náà mọ́ra wọn lọ́wọ́, kò dà bí ti Hollywood tí ìtàn dúró: inú orin yẹn gan-an ni ẹ ti máa mọ̀ pé ó fẹ́ jáwọ́ nínú olè jíjà. Shailendra kọ ọ̀rọ̀ orin tó gbé orúkọ fíìmù náà, Mukesh fi ohùn sí i, orin náà sì rìn débi pé àwọn ará Soviet Union ń kọ ọ́.

Fún ilé tí ọmọdé wà, ẹ mú Singin' in the Rain. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn ẹbí tó gùn, tó sì ní sùúrù fún wákàtí àkọ́kọ́ tó rọra ń lọ, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Awaara.

Àwọn tó gùn

The Sound of Music (1965) gba ìṣẹ́jú 174. Robert Wise darí rẹ̀, wọ́n ya púpọ̀ nínú rẹ̀ ní Salzburg, orí fíìmù fífẹ̀ Todd-AO ni wọ́n sì yà á sí, ìyẹn ni àwọn òkè rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn láti tẹ̀ lé, ọmọdé sì lè kọ orin rẹ̀ kí fíìmù tó parí.

Mughal-e-Azam (1960) gba ìṣẹ́jú 197. Ìtàn Ọba Akbar ni, àti ọmọ rẹ̀ Salim tó fẹ́ràn Anarkali, oníjó ààfin. K. Asif ló darí rẹ̀, Naushad ló ṣe orin rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú fíìmù náà jẹ́ dúdú-funfun, àwọn ibì kan péré ni wọ́n ya ní aláwọ̀. Madhubala, tó ṣe Anarkali, dúró nínú ààfin onídígí, ó ń kọ ọ́ lórin sójú ọba, ní ohùn Lata, pé ẹni tó bá ti fẹ́ràn kí ló kù tó ń bẹ̀rù. Àwọ̀ ló kún gbogbo ojú àwòrán, lẹ́yìn àkókò pípẹ́ tí ẹ ti ń wo dúdú-funfun. Ní 2004, wọ́n fi kọ̀ǹpútà kun gbogbo fíìmù náà láwọ̀, wọ́n sì gé apá kan kúrò. Òǹtàjà á sọ fún yín pé èyí ni tuntun, pé òun ló dára jù. A kò fara mọ́ ọn: tí àwọ̀ bá ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, orin ààfin onídígí yẹn di ọ̀kan lára àwọn orin yòókù. Ẹ wá ti 1960.

Ẹ má fi dandan lé e pé ẹ máa parí èyíkéyìí nínú méjèèjì lálẹ́ ọjọ́ kan. Àwọn méjèèjì ní ìsinmi láàárín. Ibi tí ìtàn ti fẹ́ yí padà ni fíìmù Íńdíà sábà máa ń fi ìsinmi rẹ̀ sí, nítorí náà ẹ dúró níbẹ̀, ẹ wo ìyókù lọ́jọ́ kejì.

Ohun tó ń ba àwo jẹ́

Fún ti Hollywood, ojú àwòrán ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Títí di 1953 tí CinemaScope dé, fíìmù Amẹ́ríkà kò fẹ̀. Ìbú rẹ̀ fi díẹ̀ ju gíga rẹ̀ lọ ni. Lórí tẹlifíṣọ̀n òde òní, ó yẹ kí ẹ rí dúdú ní ọ̀tún àti òsì. Tí dúdú yẹn kò bá sí, wọ́n ti gé orí àti ẹsẹ̀ kúrò kí ó lè kún ojú tẹlifíṣọ̀n, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin àwòrán tó ti lọ. Ẹ rántí ohun tí Astaire fi dandan lé. Nítorí náà, fún Top Hat tàbí Singin' in the Rain, páálí tó kọ "Full Screen" ló tọ́, èyí tó bá kọ "Widescreen" ni kí ẹ bẹ̀rù. Awaara àti Mughal-e-Azam náà wà lábẹ́ òfin yìí. Fún fíìmù fífẹ̀ bíi Seven Brides for Seven Brothers (1954), The Sound of Music àti West Side Story, òdìkejì ni: "Full Screen" tàbí "Pan and Scan" túmọ̀ sí pé wọ́n ti gé ẹ̀gbẹ́ kúrò, ó sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Nínú ijó ibi tí wọ́n ti ń kọ́ abà nínú Seven Brides, etí kan dé èkejì ni àwọn oníjó kún. Ẹ̀dà tí wọ́n gé á gba ọ̀pọ̀ nínú wọn lójú yín. Ẹ yẹ rìmóòtù yín wò pẹ̀lú: bọ́tìnì "Zoom" lè ba àwo tó dára jẹ́.

Fún ti Íńdíà, ìtumọ̀ tó ń jáde nísàlẹ̀ àwòrán ni àkọ́kọ́. Kí páálí kọ "English subtitles" kò tó. Àwọn àwo kan wà tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu dáadáa, tí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, ìtumọ̀ á dákẹ́. Pyaasa (1957) ti Guru Dutt ni ẹ fi lè mọ ohun tí èyí ń báni jẹ́. Akéwì tí ayé kò kà sí ni ìtàn náà. Sahir Ludhianvi ló kọ ọ̀rọ̀ orin, S. D. Burman ló ṣe orin. Ẹ yọ ìtumọ̀ orin kúrò, ohun tó kù fún yín ni ọkùnrin kan tó ń rìn kiri pẹ̀lú ìbànújẹ́. Tí ẹ bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n fi àwo náà sí ẹ̀rọ, kí ẹ fò lọ sí ibi orin kan. Tí ó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ní kí òǹtàjà ya ibi orin kan ránṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni gígùn. Ẹ̀tọ́ ni pé kí DVD tí wọ́n ṣe fún PAL, ìyẹn ètò àwòrán tí DVD Nàìjíríà àti ti Ìlú Ọba ń lò, kúrú díẹ̀: àwòrán 24 ni sinimá ń fi hàn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, PAL ń fi 25 hàn, nítorí náà fíìmù ń sáré. Ẹsẹ̀ oníjó á yá ju bó ṣe yẹ lọ, ohùn olórin náà á fi díẹ̀ ga, àfi tí wọ́n bá tún ohùn ṣe. Ẹni tó mọ orin náà lórí rẹ́kọ́ọ̀dù á gbọ́ ọ. Blu-ray kì í sábà ní ìṣòro yìí. Ẹ fi 0.96 ṣe ìlọ́po gígùn gidi. Tí iye tó wà lẹ́yìn páálí DVD bá tún kéré sí èsì yẹn, wọ́n ti gé fíìmù náà.

| Fíìmù | Gígùn gidi (ìṣẹ́jú) | Lórí DVD PAL |
|---|---|---|
| Singin' in the Rain | 103 | 99 |
| West Side Story | 152 | 146 |
| Mother India | 172 | 165 |
| The Sound of Music | 174 | 167 |
| Mughal-e-Azam | 197 | 189 |

Fíìmù Íńdíà ni wọ́n ń gé jù, orin ni wọ́n sì sábà máa ń kọ́kọ́ yọ. Èyí tí àwo rẹ̀ kò láyè tó tún wà: DVD onípele kan gba 4.7 GB, onípele méjì gba 8.5 GB. Fíìmù wákàtí mẹ́ta tí wọ́n há mọ́ 4.7 GB á máa fọ́ sí wẹ́wẹ́ níbikíbi tí ijó bá ti yára. Ẹ ronú wò nígbà náà, kí ni ẹ retí láti inú ayédèrú àwo tó kó fíìmù ogún pọ̀?

Nọ́ńbà àgbègbè

Àwo ní nọ́ńbà tàbí lẹ́tà àgbègbè tó wà fún, tí kò bá sì bá ti ẹ̀rọ yín mu, ó lè má ṣiṣẹ́. DVD ti Nàìjíríà, Benin, Togo àti Íńdíà jẹ́ 5, Ìlú Ọba 2, Amẹ́ríkà 1, Brazil àti Cuba 4. DVD Íńdíà púpọ̀ jẹ́ 0 tàbí "All", wọ́n á ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Ti Blu-ray, Áfíríkà àti Ìlú Ọba jẹ́ B, Amẹ́ríkà, Brazil àti Cuba jẹ́ A, Íńdíà jẹ́ C. Àwo 4K kò ní nọ́ńbà. Ẹni tó bá fẹ́ kí mọ̀lẹ́bí ra àwo wá fún òun láti Houston, kó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ tirẹ̀.

Tí àkọ́kọ́ bá ti dùn mọ́ yín

Tí ijó ló mú yín, ẹ lọ sórí Top Hat, lẹ́yìn náà Seven Brides. Tí ìtàn ló mú yín, Mother India (1957) ni. Wọ́n ti gbé e jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé sinimá apá Àríwá Nàìjíríà, Nargis tó ń tọ́ ọmọ lábẹ́ olówó èlé kò sì ní jẹ́ kí ẹ dìde. Ẹni tí dúdú-funfun ń dẹ́rù bà, kó mú Dilwale Dulhania Le Jayenge (1995) ṣe àbáwọlé. Bàbá ará Punjab kan wà nínú rẹ̀ tó ń tọ́ ọmọbìnrin ní London, tí ọkàn rẹ̀ kò kúrò nílé. Yorùbá tó ń tọ́ ọmọ níbẹ̀ á mọ̀ ọ́n láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

Guide (1965) ni a fẹ́ràn jù láti fi ṣe ìkẹta, nítorí ijó àti orin pàdé nínú rẹ̀: Waheeda Rehman jẹ́ oníjó tòótọ́, orin S. D. Burman sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra tí ẹ bá fẹ́ rà á. Fíìmù méjì ni wọ́n ṣe láti inú ìwé kan náà, ti Hindi àti ti Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Kí páálí kọ orúkọ Vijay Anand gẹ́gẹ́ bí olùdarí, kí ó kọ Hindi, kí gígùn rẹ̀ sì tó wákàtí mẹ́ta. Tí ẹ bá rí orúkọ Tad Danielewski, ti Gẹ̀ẹ́sì lẹ mú, ẹ dá a padà.