Fọ́ọ̀mù Tó Kọ Orúkọ Ọmọ Yorùbá: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Tí Mo Fi Ń Gba Íméèlì Àwọn Òǹkàwé Mi

Orúkọ ọmọ kan ló mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Ìyá rẹ̀, tó ń gbé ní ìlú Òǹdó, fẹ́ kí ọmọ náà máa gba lẹ́tà ìtàn àti ẹ̀kọ́ ìwé kíkà tí mo máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọdé láti Àkúrẹ́ níbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ṣí ìkànnì mi lórí fóònù, ó tẹ íméèlì rẹ̀, ó sì tẹ orúkọ ọmọ náà, Ọlọ́runfẹ́mi, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ìlà pupa ló yọ sí i, tó ń sọ pé orúkọ náà kò tọ́. Ó ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé: “Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ṣé fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ Yorùbá ni kò mọ orúkọ Yorùbá?” Inú bí mi gan-an.

N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni fọ́ọ̀mù náà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n ṣe dáadáa. Lọ́dọ̀ wọn ni èèyàn ti máa ń to fọ́ọ̀mù náà, yóò da kóòdù rẹ̀ kọ, yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ojú ìwé ìkànnì rẹ̀. Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rárá lè ṣe é. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ kì í bọ́ sínú àkójọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: lẹ́tà kan yóò kọ́kọ́ dé bá a pé kó tẹ ìjápọ̀ kan láti fi hàn pé òun fúnra rẹ̀ ló béèrè. Mo fẹ́ràn èyí púpọ̀, nítorí Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sọ pé ẹni tó bá gbára lé ìyọ̀ǹda láti gba dátà ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ lè fi ẹ̀rí ìyọ̀ǹda náà hàn. Nígbà tí Gmail àti Yahoo mú òfin wọn le sí i ní oṣù Kejì ọdún 2024 fún àwọn tó ń fi lẹ́tà púpọ̀ ránṣẹ́, ilé-iṣẹ́ náà ló tọ́ mi sọ́nà lórí SPF, DKIM àti DMARC, ìyẹn àwọn ètò tó ń fi hàn pé ọ̀dọ̀ mi ni lẹ́tà náà ti wá lóòótọ́, tí lẹ́tà mi kò fi bọ́ sínú àpótí spam.

Èyí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ orúkọ náà dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó kọ́kọ́ dá mi lóhùn ní kí n sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n yọ “àwọn àmì àrà ọ̀tọ̀” kúrò lára orúkọ wọn. Mo ṣàlàyé fún un pé àmì wọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́, pé ara orúkọ ni wọ́n, àti pé orúkọ yẹn gan-an ni mo fi ń kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà rẹ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn náà ló tún fi ránṣẹ́, láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Ó wá pa ẹ̀sùn náà dé bí ẹni pé ó ti parí, ó sì ní kí n sọ bí iṣẹ́ òun ṣe tẹ́ mi lọ́rùn tó. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Ta ni yóò yọ ti ọmọ ọlọ́mọ kúrò nítorí fọ́ọ̀mù? Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá, mo sì tún fi ránṣẹ́ sí wọn.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ló pè mí. “Ẹ káàárọ̀ mà,” ó ní, “mo ti ka ohun tí ẹ kọ. Orúkọ tèmi náà kò lè wọ fọ́ọ̀mù yẹn.” Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé lẹ́tà a dé z nìkan ni àwọn tó kọ fọ́ọ̀mù náà ní kó gbà fún orúkọ, ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kó gba lẹ́tà èdè yòówù. A dán an wò. Ṣọlá wọlé, Ọlọ́runfẹ́mi kò wọlé. Ọkàn mi bàjẹ́, ṣùgbọ́n òun kò jáwọ́. Nígbà tó tún pè, ó ti mọ ìdí rẹ̀: nínú Unicode, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, ṣ, ọ àti á ní nọ́ńbà tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọ́ àti ẹ́ kò ní. Ńṣe ni kọ̀ǹpútà máa ń kọ ọ, tí yóò sì gbé àmì ohùn tó dá dúró, U+0301, lé e lórí. Fọ́ọ̀mù ti ń gba lẹ́tà, ṣùgbọ́n kò tíì gba àmì. Wọ́n tún èyí náà ṣe, ó sì dúró lórí fóònù títí mo fi tẹ Ọlọ́runfẹ́mi, Àṣàkẹ́ àti Ọ̀ṣúndélé, tí gbogbo wọn wọlé. Mo gbàdúrà fún un tọkàntọkàn. Lẹ́tà dé ìlú Òǹdó pẹ̀lú orúkọ ọmọ náà ní pípé, ìyá rẹ̀ sì fi ohùn ránṣẹ́ sí mi láti dúpẹ́.

Síbẹ̀, wàhálà kù. Tí mo bá gba àkójọ orúkọ sílẹ̀ ní fáìlì CSV, tí mo sì tẹ̀ ẹ́ kí Excel ṣí i, Ọ á di “á»Œ”, gbogbo orúkọ á sì dàrú, nítorí pé wọn kò fi àmì tó máa ń jẹ́ kí Excel mọ̀ pé UTF-8, ọ̀nà ìkọ̀wé kọ̀ǹpútà tó gba lẹ́tà gbogbo èdè, ni fáìlì náà sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Google Sheets ló ń ṣí i dáadáa fún mi. Ìlà pupa tó ń bá èèyàn wí ṣì wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ibi tí mo ti lè yí i padà, bẹ́ẹ̀ ni ojú ìwé tí èèyàn fi ń yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Mo ti kọ̀wé sí wọn lórí gbogbo èyí, n kò tíì rí èsì. Òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn kò sì tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìràwọ̀ 5 nínú 5, nítorí ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn.