Òjòlá nílé: kí wọ́n fòfin dè é ni àbí kí wọ́n fún èèyàn ní láísẹ́ǹsì?

Ìpínlẹ̀ Florida, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti gbìyànjú méjèèjì. Ní 2008, wọ́n ní tó o bá fẹ́ sin òjòlá Burma, kó o san $100 lọ́dún gba láísẹ́ǹsì, kí wọ́n sì ki chip, ìyẹn ẹ̀rọ tín-ńtín tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, sábẹ́ awọ ẹ̀, tó bá wá sá wọgbó kí wọ́n lè mọ ẹni tó ni ín. Ó dáa o, àmọ́ òjòlá ti ń yé ẹyin ní Everglades, irà ńlá tó wà ní Florida, kí òfin yẹn tó dé, ṣé chip ló máa kó wọn jáde ni? Òfin 2021 tó ní kéèyàn má sìn ín mọ́ ní tiẹ̀ le gan-an, ó kan iguana àti tegu, ìyẹn àwọn aláǹgbá ńláńlá, náà, làwọn tó ń tà wọ́n bá fárígá pé ìjọba fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn. Èmi ò bá wọn jiyàn lórí iguana, ṣùgbọ́n ti òjòlá, kí wọ́n fòfin dè é jàre.